Mo Sọ fún Àǹtí Folúkẹ́ Pé Ìwádìí Ní Kò Ṣeé Ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bá mi wá àwáwí. Mo ti wá a fúnra mi, mi ò rí i.

Àrìnkẹ́ ni orúkọ mi. Wakefield là ń gbé, ní Bronx, ní Amẹ́ríkà, èmi àti Lékè ọkọ mi, àti Pẹ̀lúmi ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu. Lékè ń wa ọkọ̀ èrò. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní yunifásítì kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀.

Àǹtí Folúkẹ́ ló jẹ́ kí n ráyè lọ. Ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Òun ló ń bá mi mú Pẹ̀lúmi dání títí màá fi dé, kò sì gba nǹkan kan rí ju "ẹ ṣé, mà" lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lòun náà ń ṣe. Ó ti ń gbé wọn dìde, ó ti ń gbé wọn sùn, tipẹ́tipẹ́ kí n tó dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́. Bó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ di etí tábìlì mú, á mí kanlẹ̀, kó tó gbéra.

Ní Sátidé kan tí mo wá gbé ọmọ, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá Pẹ̀lúmi, jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà."

Àyà mi já. Àyà mi tètè máa ń já. "Ṣé kò sí, mà? Ṣé ọmọ yìí ṣe nǹkan ni?"

"Kí lọmọ fẹ́ ṣe? Jókòó jàre. Mo fẹ́ ṣí daycare."

Mo jókòó.

"Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń ṣí nígbà tí oòrùn ti yọ tán o. Tèmi á ti ṣí ní aago márùn-ún ààbọ̀, torí àwa tá a gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ aláìsàn ní aago méje. Ìwọ wo bó o ṣe ń gbé ọmọ yìí kiri láàárọ̀ bíi ẹni tó jí i gbé."

Mo rẹ́rìn-ín. "Mà, gbogbo Wakefield ló ń gbé ọmọ kiri."

"Ohun tí mo rò nìyẹn. Àmọ́ èrò ni. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní White Plains Road, onílé ní òun á dì í mú fún mi fúngbà díẹ̀. Kí n tó fọwọ́ síwèé, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mò ń rò jóòótọ́. Ìwọ lo ní káàdì láíbùrárì yunifásítì. Bá mi wò ó. Ṣé ọmọ kékeré pọ̀ lágbègbè yìí lóòótọ́? Daycare tó wà ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí? Bó bá dáa, ẹ̀yìn mi á sinmi. Bí kò bá dáa, kí n tètè mọ̀."

"Màá wò ó, mà."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Lékè pàápàá, má sọ fún un. Mi ò tíì sọ fún pásítọ̀. Jẹ́ kí nǹkan náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná."

Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. A kì í sọ. Ìwé ìgbélùú ni o, oyún ni o, ilé ni o, a máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi yọrí, kí ayé má baà bà á jẹ́. Àǹtí Folúkẹ́ bo tirẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó wá ṣí i sílẹ̀ fún èmi nìkan.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí láíbùrárì kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí Google, mo tẹ "daycare Wakefield". Ó ń gbé ìpolówó wá. Obìnrin òyìnbó kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Susan lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ ni pé kó máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ òwò.

"Kí lò ń wá?" ló bi mí.

Mo ní àǹtí mi kan tó ń bá mi tọ́jú ọmọ ló fẹ́ ṣí daycare. Mo ti sọ fún èèyàn nìyẹn. Àmọ́ mo rò pé òyìnbó ò sí lára "ẹnikẹ́ni" tí Àǹtí Folúkẹ́ ń wí.

"Fi Google yìí sílẹ̀," ni Susan sọ. "Àwọn ohun tó o nílò wà nínú àwọn ibi tí yunifásítì ń sanwó fún, tí ará ìta ò lè wọ̀ láti ilé wọn. Káàdì ọwọ́ rẹ yẹn ló máa ṣí i."

Ó fà wọ́n jáde lóòótọ́. Ìròyìn nípa òwò daycare káàkiri Amẹ́ríkà: àwọn tó ń ṣí, àwọn tó ń tì, ohun tó ń mú kí wọ́n tì. Ó fi ètò ìkànìyàn ìjọba hàn mí, ó ní òfẹ́ lèyí, pé ọ̀pọ̀ ni kò kàn mọ ọ̀nà rẹ̀. Mo rí àwòrán àdúgbò wa lórí kọ̀ǹpútà, ibi tí ọmọdé bá pọ̀ sí á dúdú, ibi tí wọn ò bá pọ̀ sí á mọ́lẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n kọ ìgbà tí àwọn èèyàn ń jáde nílé lọ síbi iṣẹ́ sí. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ka irú ìyẹn. Àwọn tó ń jáde kí aago mẹ́fà tó lù, wọ́n wà níbẹ̀ lápá ọ̀tọ̀. Èmi náà wà lára wọn.

Lẹ́yìn náà ló fi ibi tí ìlú kọ orúkọ gbogbo daycare tó ní ìwé àṣẹ sí hàn mí. "Eléyìí ò ní sọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí fún ọ," ló wí. "Pè wọ́n. Bíi ìyá tó ń wá ibi tó máa gbọ́mọ sí ni kó o ṣe."

"Ìyá tó ń wá ibi tó máa gbọ́mọ sí náà ni mí," ni mo sọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo pè wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láíbùrárì. Kò sí ọ̀kan tó ń ṣí kí aago méje tó lù. Obìnrin kan tiẹ̀ ní, "Bó o bá rí èyí tó ń ṣí ṣáájú ìyẹn, jọ̀ọ́ pè mí padà, àbúrò mi náà ń wá a."

Susan wo gbogbo ohun tí mo kọ. "Sọ fún àǹtí rẹ pé mi ò tíì rí èyí tó dáa tó báyìí lọ́dún yìí."

Ká ní mo ti ibẹ̀ lọ sílé tààrà ni, bóyá ni mi ò bá máa kọ èyí.

Kíláàsì ni mo lọ. Oníkálukú wa gbọ́dọ̀ mú òwò kan wá, ká kọ ètò rẹ̀, ká wá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn adájọ́. Ẹni tó bá gbégbá orókè máa gba yàrá ńlá kan lò fún ọdún kan, nínú ilé tí yunifásítì ní létí ibẹ̀, wọ́n á sì bá a lé ìwé àṣẹ rẹ̀ títí á fi jáde. Irun títà ni mo mú wá tẹ́lẹ̀.

Andrew, olùkọ́ wa, ti ka èyí tí mo kọ. Ó rọra ń sọ̀rọ̀ bíi ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. "Àrìnkẹ́, irun dáa. Ṣùgbọ́n kí ló máa mú kí obìnrin kan kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá sọ́dọ̀ rẹ?"

Mo rò ó wò pé mo tún ń gbé arúgbó títí ẹ̀yìn tèmi náà á fi bàjẹ́. Mo rò ó wò pé Pẹ̀lúmi ń jí nínú òkùnkùn títí á fi dàgbà. Gbogbo ìgbà ni mò ń ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Mo ní òmíràn."

Mo wá ń gbọ́ ohùn ara mi. Daycare. Aago márùn-ún ààbọ̀. Àwọn tó ń jáde kí aago mẹ́fà tó lù. Andrew gbé bírò kalẹ̀.

"Níbo lo fi eléyìí pamọ́ sí látọjọ́ yìí?" ló bi mí.

Mi ò sọ pé ti ẹlòmíràn ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn, mo sì jẹ́ kó kọjá.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí Folúkẹ́ ní, "O kú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ wa ńkọ́?"

"Kò tíì jáde tán, mà."

"Kò burú. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sáré sí."

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Kò tíì jáde tán. Susan ò wá lónìí. Kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́. Ní ìkẹyìn ó ní onílé ti ń yọ òun lẹ́nu, kí n kàn sọ ìwọ̀nba tí mo bá ti rí.

Mò ń wọ bàtà fún Pẹ̀lúmi. Mi ò gbójú sókè.

"Mà, kò dáa."

"Báwo ni kò ṣe dáa?"

"Wọ́n ní daycare ti pọ̀ jù lápá ibí. Wọ́n ti ń kógbá sílé. Àwọn tó ń jáde ní ìdájí náà ò pọ̀ tó bá a ṣe rò."

"Yunifásítì ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwádìí ló sọ bẹ́ẹ̀, mà. Kò ṣeé ṣe."

Ó wá ní, "Ọlọ́run ló yọ mí. Ká ní mi ò bi ọ́ ńkọ́? Mi ò bá ti tọrùn bọ gbèsè." Ó di etí tábìlì mú, ó dìde, ó bu ọbẹ̀ sínú ike kan fún mi. "Gbé e lọ. O ò ní ráyè dáná."

Mo jẹ ọbẹ̀ náà. Ó dùn.

Mò ń sọ fún ara mi pé tí mo bá yege, màá mú un wọlé. Á jókòó, kò ní gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú ọkàn mi mo ti fún un ní àga tó nírọ̀rí lẹ́yìn.

Kò pẹ́ tó fi wá bá mi lórí àtẹ̀gùn. "Màmá Pẹ̀lúmi, mo ti sọ fún onílé pé mi ò ṣe mọ́. Ó ti gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Mo ti ríṣẹ́ o. Live-in, màá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, ní Stapleton. Ìyá kan tí kò lè dìde mọ́."

"Stapleton ti Staten Island? Àǹtí, ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ò tíì kú. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni mò ń lọ. Ìwọ ni mò ń rò, ta ló máa máa mú ọmọ yìí?" Ó fọwọ́ pa Pẹ̀lúmi lórí. "Sátidé yìí ṣì wà fún ọ. Lọ ṣe ìdánwò rẹ."

Mo ti sọ fún un pé ìdánwò ni. Ọjọ́ tí a fẹ́ dúró níwájú àwọn adájọ́ ni.

Yàrá kan nínú láíbùrárì ni wọ́n lò. A ti pa fóònù. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ, ni mo gbọ́ ẹkún ọmọ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ọkàn mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Susan ló ń mú wọn bọ̀. Àǹtí Folúkẹ́ pọn Pẹ̀lúmi. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bọ̀.

"Ara ọmọ yìí gbóná," ló sọ. "Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Lékè náà ò gbé e. Mo ní kí n kúkú gbé e wọ subway wá bá ọ. Má bínú, mo mọ̀ pé ìdánwò lò ń ṣe."

Susan ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kó lè yé e. "Ẹ̀yin ni àǹtí tó ń tọ́jú ọmọ, àbí? Ẹ̀yin lẹ ní èrò daycare yẹn. Mo sọ fún Àrìnkẹ́ pé kó sọ fún yín, pé ti yín ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí mo bá wọn wá lọ́dún yìí. Ẹ ti wá wo bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà wo lẹ máa ṣí?"

Àǹtí Folúkẹ́ wo Susan. Ó wá wo pátákó tó wà lára ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ orúkọ wa sí pẹ̀lú òwò tí oníkálukú mú wá. Ó mọ̀wé kà dáadáa.

"Láìpẹ́," ló dá Susan lóhùn. "Ẹ ṣeun, mà."

Andrew yọjú, ó pe orúkọ mi.

Mo wọlé. Mi ò lè sọ fún yín ìdí tí mo fi wọlé. Mo dúró síwájú, mò ń fi àwòrán àdúgbò wa hàn wọ́n, ibi tó dúdú, ibi tó mọ́lẹ̀. Susan ti mú Àǹtí Folúkẹ́ jókòó lẹ́yìn, Pẹ̀lúmi ti dákẹ́ lórí itan rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ bi mí pé, "Báwo lo ṣe ronú kan eléyìí?"

Mo ní, "Ìyá ọmọ ni mí. Mo rò ó láti inú ìgbé ayé ara mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Pẹ̀lúmi náà rí i pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ó bá wọn pa á.

A jọ wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Ọmọ ti sùn lé mi láyà, ó gbóná bíi búrẹ́dì. A ti kọjá ibùdókọ̀ mélòó kan kí Àǹtí Folúkẹ́ tó sọ̀rọ̀.

"Èyí tó o sọ fún mi pé wọ́n ti pọ̀ jù, ṣé irọ́ ni?"

"Irọ́ ni, mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Mo ti dá ṣọ́ọ̀bù padà."

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀." Ó yíjú sójú fèrèsé. "Bó o bá délé, fún un ní oògùn ibà. Má bo aṣọ lé e lórí jù."

Mo rò pé á pariwo. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo.

Ní Mọ́ńdè, Lékè ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Stapleton pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní, "Àǹtí gbàdúrà fún Pẹ̀lúmi títí a fi kọjá afárá. Kí lo ṣe fún wọn? Wọn ò dárúkọ rẹ."

"Kò sí nǹkan."

Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà yunifásítì wọlé sórí fóònù mi. Mo yege. Lékè gbé mi, ó yí mi po. "Madam! Ṣé ẹ ṣì máa rántí awakọ̀ yín? Ẹ fún mi níṣẹ́ gateman, ẹ jọ̀ọ́." Ó ti ń pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó ráyè dá a dúró. Ní ọjọ́ Ìsinmi wọ́n ní kí n jáde síwájú. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ọgbọ́n. Mò ń ṣe àmín.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi dáadáa. Àǹtí Folúkẹ́ ò lè ṣe mí ní nǹkan kan. Ta ló fẹ́ pè? Kò sọ fún pásítọ̀, kò sọ fún Lékè. Bó bá lanu lónìí, wọ́n á ní ó ń jowú ọmọ kékeré. Ohun tó fi ń ṣọ́ èrò rẹ̀ lọ́wọ́ ayé ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún Lékè. Kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ní, "Èmi ni mo gbé ẹrù wọn wọlé. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Láti ìgbà náà, kò pè mí ní Madam mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní òwò lọ́kàn nínú yín, kó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Láíbùrárì yunifásítì míràn wà tó máa ń jẹ́ kí ará ìta wọlé láwọn ọjọ́ kan. Bí wọn ò bá gbà yín, ẹ lọ sí ti ìlú. Ẹ bèèrè ẹni tó mọ̀ nípa ìwádìí òwò, ẹ jókòó tì í, kí ẹ fi ojú yín rí i. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ má rán irú mi.

Bí ẹnikẹ́ni láti ṣọ́ọ̀ṣì wa bá sì ń ka èyí, Àǹtí Folúkẹ́ ló rò ó. Èmi nìkan ló sọ fún, torí náà èmi nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí i.

Mo lọ bá a ní Stapleton. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Kò ní kí n wọlé, kò sì ní kí n máa lọ.

"Mà, mo wá bẹ̀ yín. Yàrá yẹn, tiyín ni. Ẹ wá gbà á."

"Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

"Tèmi, mà. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò lè yí i padà, pé bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé mi ló máa gbà á. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

"Kí n wá máa bá ọ ṣiṣẹ́."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ orí mi, síbi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Mo rò pé ó ti parí, mo ti fẹ́ yípadà.

Ó ní, "Kí ni ìwádìí yẹn sọ gan-an?"

Mo sọ fún un. Mo sọ bí àdúgbò wa ṣe dúdú tó lórí àwòrán yẹn. Mo sọ bí àwọn tó ń jáde ní ìdájí ṣe pọ̀ tó. Mo sọ pé gbogbo ibi tí mo pè, kò sí ẹni tó ń ṣí kí aago méje tó lù, pé obìnrin kan tiẹ̀ ní kí n pe òun padà bí mo bá rí èyí tó ń ṣí. Mo sọ ohun tí Susan wí, mi ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ dópin.

"Mo tọ̀nà nígbà yẹn."

"Ẹ tọ̀nà, mà."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó ń tọ́jú pè é láti inú yàrá. Ó dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun ń bọ̀, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì ti ilẹ̀kùn.